Láti Marina dé Ìgbájà: ní ipasẹ̀ àwọn tó gbé ìjọ ECWA wá sáàárín wa

Ọjọ́rú, Èkó

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá ọdún 1893 ni ọkọ̀ ojú omi já àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta sí Èkó. Walter Gowans àti Rowland Bingham wá láti Kánádà. Thomas Kent, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Wọn ò ní ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kankan lẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá ti kọ̀, wọ́n ní ikú ló wà níbi tí wọ́n fẹ́ lọ. Sùdáànì ni wọ́n ń pe ibẹ̀ láyé ìgbà náà. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí o, gbogbo ilẹ̀ ọ̀dàn tó wà láàárín igbó wa níhìn-ín àti aṣálẹ̀ Sàhárà ni.

Mo dúró ní Marina láàárọ̀ yìí, lẹ́bàá Kàtídírà, nítorí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni mo fẹ́ kí èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn tí mo ń rìn láti kọ ìtàn ìjọ wa, ECWA (Evangelical Church Winning All). Mo ń wo ọ̀sà, mo ń rò ó pé nígbà tí àwọn mẹ́ta yìí gúnlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì kò wọ́n ní Èkó. Àwọn Àńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì àti Onítẹ̀bọmi ti ní ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́. Odindi Bíbélì ti wà lédè Yorùbá láti ọdún 1884. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán, Èkó yìí náà ló kú sí lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ Olúwa pẹ̀lú ìrọ̀rùn lè fìdí kalẹ̀ síbí, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí.

Alábòójútó ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Èkó gbà wọ́n lálejò, ṣùgbọ́n ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe yé e: wọn ò ní fojú kan Sùdáànì, àwọn ọmọ wọn náà lè má rí i, bóyá àwọn ọmọ ọmọ wọn ni yóò débẹ̀. Kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó ti sin òkú àwọn aláwọ̀ funfun tó pọ̀ tó láti mọ ohun tó ń sọ.

Bingham dúró sí Èkó láti máa wá owó àti ẹrù tí wọn yóò máa fi ránṣẹ́. Gowans àti Kent fẹsẹ̀ rìn wọ inú ilẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, ojú ọ̀nà Ìlọrin

Mo kúrò l'Éèkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa ọ̀nà: gó-sìlóò Ìbàdàn, kòtò lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, mo wọ Ìlọrin lọ́sàn-án. Ohun tí mo ń bá rò nínú mọ́tò ni pé rélùwéè kò tíì dé Ìbàdàn nígbà tí àwọn èèyàn yẹn ń lọ, ọdún 1901 ló dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin gbogbo ọ̀nà, àwọn aláàárù sì ru ẹrù tẹ̀ lé wọn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1894, àìsàn pa Gowans ní Gírkù, nítòsí Sáríà. Nígbà tó fi máa di oṣù tó tẹ̀ lé e, ibà ti pa Kent ní Bídà. Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ọ̀dọ́ pátápátá ni wọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Ọdún 1897 ni Ronald Ross tó rí i dájú. Afẹ́fẹ́ burúkú láti inú àbàtà ni wọ́n rò pé ó ń pa wọ́n.

Bingham nìkan ló padà sílé. Ó gbé ìwọ̀nba ẹrù tí Gowans fi sílẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀ ní Toronto. Obìnrin yìí ló ti kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Sùdáànì sí Bingham lọ́kàn, kí ó tó di pé òun àti ọmọ rẹ̀ jọ lọ. Nígbà tó gba ẹrù ọmọ rẹ̀ tó kú, ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí Walter lọ kú síbẹ̀ ní òun nìkan ju kí ó wà nílé lọ́dọ̀ òun, kí ó máa ṣàìgbọràn sí Olúwa rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí nínú ìwàásù rí, wọ́n sì máa ń yára kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n lè dé ibi tí ó ti dára. Èmi ò lè yára kọjá. Ìyá tí ó bímọ ló sọ̀rọ̀ yẹn.

Bingham tún gbìyànjú ní ọdún 1900. Ibà tún dá a dùbúlẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì tún gbé e padà. Àwọn méjì tí wọ́n jọ wá kò dá lọ, àwọn náà padà.

Mo sùn sí Ìlọrin lónìí. Níbẹ̀ ni Bàbá Alàgbà ti dára pọ̀ mọ́ mi. Ọmọ Yàgbà ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ìjọ wa yàn pé kó kọ ìwé ìtàn fún àjọ̀dún ìjọ. Èmi ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà.

Ọjọ́ Ẹtì, Pàtígi

A gba Ṣààrẹ́ àti Làfíàgí lọ. Lẹ́yìn Làfíàgí, ilẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ, oko ìrẹsì ló wà lọ́tùn-ún lósì. Awakọ̀ wa rọra ń yí síbí yí sọ́hùn-ún, ọ̀dà ti ṣí lára ọ̀nà níbi púpọ̀. Nígbà tí a wọ Pàtígi, ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn èèyàn ń lọ sí mọ́ṣáláṣí nínú jalabíà funfun. Pásítọ̀ tó gbà wá lálejò ní ká jẹ́ kí àwọn aládùúgbò kírun tán ká tó máa fi mọ́tò kiri ìlú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tó ti pẹ́ lárin àwọn èèyàn ló ń mọ irú rẹ̀.

Ìlú yìí ni àwùjọ Bingham, tí ń jẹ́ SIM (Sudan Interior Mission), ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1902. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n wá nìyẹn, Bingham fúnra rẹ̀ kọ́ ló sì ṣíwájú wọn. Àwọn mìíràn ló rán, Alexander Banfield wà lára wọn. Kí ló dé tó jẹ́ Pàtígi? Bàbá Alàgbà bi mí bẹ́ẹ̀ bíi pé ọmọ kíláàsì wọn ni mí, kí n tó dáhùn, wọ́n ti dá ara wọn lóhùn. Odò Ọya ni. Lẹ́yìn tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà àti Ìlọrin ní 1897, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì gba Àríwá ní ọjọ́ kìíní ọdún 1900, ọkọ̀ ojú omi lè gbé ènìyàn àti ẹrù dé tòsí ibí láìsí pé wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láti Èkó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ikú Gowans àti ìyè Banfield, odò wà nínú rẹ̀.

Banfield kọ́ èdè Núpé débi pé ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ṣóńgà, ní ìpínlẹ̀ Kwara yìí náà, ló tẹ apá kìíní rẹ̀ jáde ní 1914. Ẹ wò ó, míṣọ́nnárì tó ń tẹ ìwé létí odò nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa kò tíì ní ilé ìtẹ̀wé!

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ibí kò yára so. Ìlú Mùsùlùmí ni Pàtígi títí dòní, ìjọ ibẹ̀ kò sì tíì di ńlá. Pásítọ̀ mú wa wọ ilé ìjọsìn lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn obìnrin mẹ́rin ń gbálẹ̀, ìkan ń kọ orin lédè Núpé. Bíbélì mẹ́ta ló wà lórí tábìlì pẹpẹ: ti Núpé, ti Haúsá, ti Yorùbá. Pásítọ̀ ní bí àlejò bá wà, èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì, wọn kì í sì í gé e kúrú. Mo bi í bóyá kì í rẹ̀ ẹ́ pé lẹ́yìn ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, ìjọ ṣì kéré. Ó ní, "Ẹ̀yin Yorùbá ló ń fi èèyàn ka ìjọ. Ṣé iye èèyàn tó wà níbí náà ni iye èèyàn tó ti ibí jáde?"

N kò rí èsì fún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, sí Ẹ̀gbẹ̀

Ìrìn ọjọ́ gbọọrọ. A padà sí Ìlọrin, a gba Ajàṣẹ́-Ìpo, Ọmù-Àrán, a sì kọrí sí Èrúkù. Awakọ̀ ti búra pé òun kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà yìí nítorí àwọn ajínigbé, a ò sì bá a jiyàn. Ìbẹ̀rù ti wọ ojú ọ̀nà yìí, ó dùn mí láti kọ ọ́.

Òdò-Ọwà kò jìnnà sí ọ̀nà tí a gbà, níbi tí wọ́n ti bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní 1904, ẹni tí ìjọ CAC mọ̀ sí àpọ́sítélì. Bàbá Alàgbà ṣí fìlà nígbà tí a kọjá. Ìjọ ọ̀tọ̀ ni, àmọ́ wọ́n ní àwọn kò lè fi ìjọ yàn ẹni tí àwọn yóò bu ọlá fún.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn Yàgbà fún mi. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Núpé láti Bídà ni wọ́n ń kó ilẹ̀ Yàgbà lẹ́rú lọ́dọọdún. Àwọn ìlú gun òkè sá lọ, wọ́n ń gbé láàárín àpáta. Ìgbà tí Bídà wó ní 1897 ni ìkógun rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìhà Núpé, láti Pàtígi, ni ìhìnrere gbà wọ Yàgbà. "Ọ̀nà tí wọ́n gbà kó àwọn baba wa lọ," ni Bàbá wí, "òun náà ni Jésù gbà wá." Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n sì dákẹ́ títí a fi dé Èrúkù.

A wọ Ẹ̀gbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀kun o, ọ̀kun o, ni gbogbo ènìyàn ń kí wa.

Ọjọ́ Ìsinmi, Ẹ̀gbẹ̀

Ọdún 1908 ni Tommie Titcombe dé ìlú yìí. Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣí lọ sí Kánádà ni, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, òṣìṣẹ́ lásán ni kí ó tó wá. Gbogbo ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ ló sọ bó ṣe jẹ́ onígboyà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìsìn lónìí, mo jókòó pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ lábẹ́ igi máńgòrò, ìbéèrè tí Bàbá Alàgbà bi wọ́n ló ṣí mi létí: "Lọ́jọ́ tí Titcombe dé, ṣé ó gbọ́ Yàgbà? Ta ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó gbé e fún ará ìlú? Ta ló fún un ní iṣu?"

Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí ìwé wa fi ojú tó tọ́ wò. Òyìnbó kan ṣoṣo kò lè sọ gbogbo ilẹ̀ Yàgbà àti Ìgbómìnà di Kristẹni. Àwọn tó kọ́kọ́ gbà á gbọ́, àwọn àgbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, àwọn ni wọ́n ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tí wọ́n ń gbé dání sì ni Bíbélì Yorùbá tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe tán kí Titcombe tó dé. Ní Pàtígi, èdè ni Banfield fi ọdún gbọọrọ kọ́ kó tó rí ìwé tẹ̀. Ní Ẹ̀gbẹ̀, ìwé ti wà nílẹ̀, ẹni tó mọ álífábẹ́ẹ̀tì lè bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù lọ́la. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí iṣẹ́ náà fi gbilẹ̀ níhìn-ín kíá ju ti etí odò lọ, èyí ni máa kọ́kọ́ sọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìbejì. Ní apá ibí yìí láyé ìgbà náà, èèwọ̀ ni ìbejì. Pípa ni wọ́n ń pa wọ́n. Titcombe àti Ethel ìyàwó rẹ̀ dìde sí i, wọ́n gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀, wọ́n tọ́ wọn. Kì í ṣe ìwàásù ni ará ìlú fi rí i pé èèwọ̀ náà kò ní agbára. Ọmọ méjì tó ń dàgbà lójú wọn láìsí pé nǹkan ṣe ẹnikẹ́ni ni wọ́n fi rí i.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nígbà tí Bàbá Alàgbà fi ọwọ́ kan bírò mi. "Kọ èyí náà sí i," wọ́n wí. "Ìyá tó bí ìyá mi, Táyé ni. Kẹ́hìndé rẹ̀ wà láyé títí mo fi wọ ilé ìwé." Ogún ọdún tí mo ti mọ àwọn bàbá yìí, wọn ò sọ ọ́ rí.

Ìsìn òwúrọ̀ yìí gùn, mo sì fẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù, wọ́n kọrin láìlo dùùrù. Nígbà tí ó kan ọrẹ fún àwọn míṣọ́nnárì, akọ̀wé ka orúkọ àwọn tí wọ́n ń tì lẹ́yìn àti abúlé tí wọ́n wà ní Àríwá, ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí àpótí ọrẹ tó yí ká. Ìyá arúgbó kan tó wà níwájú mi ń tún orúkọ kọ̀ọ̀kan sọ lábẹ́ ètè. Ó mọ̀ wọ́n lórí. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ owó tó dì mọ́ra, ó sì tún ka orúkọ wọ̀nyí kí ó tó jù ú sínú àpótí.

Ọjọ́ Ajé, ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀, lẹ́yìn náà Ìgbájà

Láàárọ̀, a lọ sí ilé ìwòsàn. Ọdún 1952 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Esther, ọmọ bíbí Titcombe, àti ọkọ rẹ̀ Dókítà George Campion, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi orúkọ Titcombe pè ti wà ní ìlú náà láti 1951. Àwọn aláìsàn ti kún ibi ìjókòó kí aago mẹ́jọ tó lù, àwọn mìíràn láti ọ̀nà jíjìn. Nọ́ọ̀sì kan ka Sáàmù kan, ó gbàdúrà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe káàdì. Kò fi àdúrà rọ́pò ìtọ́jú, kò sì fi ìtọ́jú rọ́pò àdúrà. Ohun tí mo mọ̀ sí iṣẹ́ ìjọ láti kékeré nìyí: ilé ìjọsìn, ilé ìwé, ilé ìwòsàn, lórí ilẹ̀ kan náà.

Ní 1954 ni àwọn ìjọ tí SIM gbìn sí Nàìjíríà para pọ̀ di ECWA, kí wọ́n lè máa darí ara wọn. Jọ́ọ̀sì ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní 1976 ni SIM fa àwọn ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ àti àwọn iṣẹ́ yòókù lé ECWA lọ́wọ́. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bíi pé ìgbà náà ni ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ di tiwa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1948, kí ECWA fúnra rẹ̀ tó wà, ni àwọn onígbàgbọ́ Nàìjíríà inú ìjọ wọ̀nyí ti ní ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì tiwọn, èyí tó di EMS (Evangelical Missionary Society) lónìí. Èèyàn dúdú ló ń rán èèyàn dúdú, owó àwọn èèyàn dúdú sì ni. Wọn ò tíì ní ìwé àṣẹ ìjọ, wọ́n ti ń rán ènìyàn lọ. Mo fi ìlà méjì sábẹ́ ọdún yẹn nínú ìwé mi.

A dé Ìgbájà lọ́sàn-án. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ti wà níbí láti 1941, òun ló di sẹ́mínárì ìsinsìnyí. Ibi tí Byang Kato ti kàwé nìyí, ọmọ Kwoi ní gúúsù Kàdúná. Ó wá ní 1955, ó parí ní 1957, ó sì tún padà wá kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ó di akọ̀wé àgbà ECWA, lẹ́yìn náà ti àjọ àwọn ìjọ ajíhìnrere ilẹ̀ Áfíríkà, ní 1973. Omi ló gbé e lọ ní Mombasa ní oṣù Kejìlá 1975, kò tíì pé ogójì ọdún. Ẹ rò ó wò: ọmọ tó ti ìhà Àríwá wá kàwé ní ìlú Ìgbómìnà, nítorí pé àwọn kan ti gbọ́ ìhìnrere láti ìhà Àríwá ní ìgbà kan. Ọ̀rọ̀ tí pásítọ̀ Pàtígi bi mí ní ọjọ́ Ẹtì, èsì rẹ̀ ni mo ń rí nínú ọgbà yìí.

Mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Ọmọ Yorùbá ni méjì nínú wọn, ọ̀kan jẹ́ Tìv, ọ̀kan Núpé. Ọmọ Núpé náà ní etí odò lòun yóò padà sí, láti lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé kíkà. Mo bi í ta ni yóò máa san owó oṣù rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ṣì ń gbàdúrà lórí ìyẹn.

Lálẹ́ yìí, èmi àti Bàbá Alàgbà jókòó sí yàrá àlejò, a kọ ìwé sí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún. A ti ní ètò tẹ́lẹ̀: aṣọ ẹgbẹ́, kéèkì, fọ́tò àwọn pásítọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òní, òkúta ìrántí lára ògiri. A kò ní kí wọ́n fi òkúta náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n a dábàá pé kí owó aṣọ ẹgbẹ́ lọ sí EMS, láti gbọ́ bùkátà míṣọ́nnárì kan, ká sì ṣe é lọ́dọọdún, kì í ṣe ti ọdún àjọ̀dún nìkan. Ìdábàá kejì ni pé kí ojú ìwé kìíní ìtàn ìjọ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ pásítọ̀ kankan. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí ìjọ wa ti rán jáde, ibi tí wọ́n lọ, àti ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Bàbá Alàgbà fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó.